Ilẹ̀ Tó Dìde

Lẹ́yìn ilé wa ní Ìkìjà, àpáta pọ̀ ju iyẹ̀pẹ̀ lọ.
Gbẹ́ ilẹ̀ níwọ̀n ìka mẹ́ta, ọkọ́ á ké: ko!
Síbẹ̀ ibẹ̀ náà ni màámi ti ń gbin tẹ̀tẹ̀,
ṣọkọ, ewúro, ata wẹ́wẹ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri,
kí ẹsẹ̀ òsì wọn tó gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ lójijì nínú oṣù Ẹrẹ̀nà,
kí ọwọ́ òsì tó tẹ̀ lé e.

Dókítà ní kí wọ́n máa sinmi.
Èmi náà ní kí wọ́n máa sinmi.
Mo ra àga onítáyà, mo gbé wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀,
mo tan rédíò sí wọn létí,
mo rò pé mo ti ṣe ọmọ.
Nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n ń wo ọgbà
bí ẹni tó ń wo ilé tí wọ́n lé e jáde nínú rẹ̀.
"Ìbídùnní, ìsinmi ti sú mi.
Àga tí o gbé mi kà yìí, kò hu ewé."

Mo bínú. Ta ni kò ní í bínú?
Lọ́jọ́ tí wọ́n fi ọ̀pá tẹlẹ̀ wọ ọgbà,
tí wọ́n ṣubú sáàárín ebè,
tí wọ́n ń tu iyẹ̀pẹ̀ lẹ́nu, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí èmi ń sunkún,
mo kó ọkọ́ pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Múdà awẹ́dà wá gba owó géètì,
ó bá wa lẹ́nu àríyànjiyàn náà.
Kò dá sí i. Ó yọ okùn ìwọ̀n lápò,
ó wọn màámi lórí àga níbi tí wọ́n jókòó sí:
ilẹ̀ dé orúnkún, orúnkún dé ìgúnpá,
ibi tí ọwọ́ ọ̀tún nà dé, ibi tí kò dé.
Ó ní, "Bí màmá ò bá lè bẹ̀rẹ̀ mọ́,
ṣé ilẹ̀ náà ò lè dìde ni?"

Ọjọ́ kẹrin, ó gbé tábìlì onírin dé,
abẹ́ rẹ̀ ṣófo kí orúnkún lè ráyè wọlé.
Ó la àgbá epo sí méjì, ó tẹ́ ẹ sórí rẹ̀,
ó lu ìdí rẹ̀ níhò kí omi má baà ra gbòǹgbò.
Èmi ni mo ru iyẹ̀pẹ̀, abọ́ mọ́kàndínlógún,
ọrùn mi kò tíì dárí jì mí.
Ṣíbí ọbẹ̀ di ọkọ́: mo fi rọ́bà kẹ̀kẹ́ wé ọrùn rẹ̀
kó lè nípọn lọ́wọ́ tí kò lè di nǹkan tinrín mú.
Kẹ́ẹ̀gì omi rọ̀ sórí igi mọ́ńgòrò.

Ọ̀nà ló kù. Mo ṣa òkúta títí ilẹ̀ fi ṣú.
Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí,
n kò mọ̀ pé òkúta tí kò tó èkùrọ́
lè dá ìyá mi dúró.

Bàbá Ṣówándé, tí ojú wọn ti fọ́, wá kí wa.
Màámi gbin efinrin sí igun tábìlì nítorí tiwọn:
bí imú bá ti kan efinrin, ọwọ́ á mọ̀ pé ọgbà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ bá mi gbọ́ ọ:
ẹni tí kò lè bẹ̀rẹ̀ ti tún bẹ̀rẹ̀.

Ewúrẹ́ ilé Àlájà kò gbà fún wa.
Ilẹ̀ dìde, òun náà dìde,
ó fi ẹsẹ̀ méjì dúró bí èèyàn, ó jẹ tẹ̀tẹ̀ ku ìdajì.
Màámi rẹ́rìn-ín títí àga fi ń mì.

Lálẹ́, bí mo ti ń fọ èékánná wọn,
iyẹ̀pẹ̀ dúdú ń bọ́ sínú omi,
wọ́n ní, "Ọkọ́ mi dà?"
Ojú tì mí. Mo ní ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
"Fi sílẹ̀ níbẹ̀.
Òun náà, kó sinmi."